Àpò Kan Ṣoṣo: Bí Igi, Ẹranko àti Ènìyàn Ṣe Ń Ná Okun Wọn Lórí Ọmọ

Ẹnikẹ́ni tí oko rẹ̀ bá wà lẹ́bàá odò mọ ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àlejò lè pè wọ́n ní igi kan náà, nítorí pé àwọn méjèèjì ní imọ̀, àwọn méjèèjì ni a sì ń dá ní ẹmu. Ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀ gidigidi. Nígbà tí ọ̀pẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, kò tún dáwọ́ dúró mọ́. Lọ́dọọdún ni yóò máa so ẹyìn. Baba yóò kọ ọ́, ọmọ yóò kọ ọ́, ọmọ-ọmọ pàápàá lè bá igi kan náà lórí ìdúró. Ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò dàgbà fún ọdún púpọ̀ láì so ohunkóhun, yóò máa kó oúnjẹ pamọ́ sínú ara rẹ̀. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá dé, yóò tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò so, èso náà yóò gbó, igi náà yóò sì kú.

Ẹni tí ń dá ògùrọ̀ mọ èyí dájú. Kì í dá a nígbà tí igi náà kéré, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró títí èso yóò fi gbó. Àkókò tí igi náà ń múra àtitanná ni ó ń ṣọ́. Omi dídùn tí ń kán sínú agbè rẹ̀ kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe oúnjẹ tí igi náà ti ń tọ́jú láti ìgbà èwe rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí yóò bí.

Èé ṣe tí ọ̀kan fi ń bí díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, tí èkejì sì ń bí lẹ́ẹ̀kan kí ó tó kú? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ yóò mọ ìdí tí máńgòrò fi ń so wọ̀ǹtìwọnti lọ́dún kan tí ó sì ń sinmi ní èkejì, yóò mọ ìdí tí òyà kò fi tán nínú ìgbẹ́ nígbà tí erin ń tán lọ, yóò sì mọ ìdí tí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́ fi ń wú lẹ́sẹ̀ tí irun rẹ̀ sì ń pọ́n. Gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

ÀPÒ KAN NI A Ń PÍN

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ àgbẹ̀ kan tí ó kó 600 iṣu wọ àká rẹ̀. Nínú 600 yìí ni òun àti ará ilé rẹ̀ yóò ti jẹ. Nínú rẹ̀ ni yóò ti tà, kí ó lè fi owó rẹ̀ tún òrùlé tí ń jò ṣe. Nínú rẹ̀ náà ni yóò ti mú èbù ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán, kò ní èbù. Bí ó bá sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe èbù, ebi yóò pa á kí iṣu tuntun tó dé. Iṣu tí a bá ti jẹ kò ṣe é gbìn mọ́, èyí tí a bá sì ti gbìn kò ṣe é jẹ. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá tí iṣu kan yóò fi ṣe iṣẹ́ méjì.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn gbogbo ohun alààyè rí. Oúnjẹ tí ewé ń rí láti inú oòrùn àti ilẹ̀, tàbí èyí tí ẹranko ń jẹ lẹ́nu, ní ìwọ̀n. Nínú ìwọ̀n yìí ni ara yóò ti dàgbà, nínú rẹ̀ ni yóò ti wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn tí yóò sì bá àrùn jà, nínú rẹ̀ náà ni yóò ti bímọ tí yóò sì tọ́ ọ. Ohun tí a bá fi fún ọ̀kan, a ti yọ ọ́ kúrò nínú ti èkejì. Nítorí náà kò sí ohun alààyè tí ó lè tètè bímọ, kí ó bí púpọ̀, kí ọmọ náà tóbi, kí òun fúnra rẹ̀ sì pẹ́ láyé. Bí ó bá mú ọ̀kan, yóò fi òmíràn sílẹ̀.

Kì í ṣe pé igi tàbí eku jókòó láti ṣírò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé bí òbí ti ń ná okun rẹ̀ ni ọmọ máa ń jogún. Bí ìnáwó kan bá bá ibi tí ẹ̀dá náà ń gbé mu, àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó yè yóò pọ̀, àwọn náà yóò sì bí irú ara wọn. Bí kò bá bá ibẹ̀ mu, ìran náà yóò máa dínkù títí yóò fi parun. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran, àwọn tí a ń rí lónìí ni àwọn tí ìnáwó wọn yẹ ibùgbé wọn.

BÍBÍ LẸ́Ẹ̀KAN ÀTI BÍBÍ LÉRALÉRA

Ògùrọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń bí lẹ́ẹ̀kan kí ó tó kú. Àgbàdo ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìtì kan kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń gé e lulẹ̀ nígbà tí ó bá ti kó èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́n jù wọ́n lọ ní ọ̀nà kan, nítorí pé kí ó tó kú ni ó ti yọ ọmọ ní ìdí. Àwọn àgbà wa rí èyí kí wọ́n tó wí pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní òkun Pacific, lọ́nà jíjìn sí wa, ẹja kan wà tí a ń pè ní salmon, tí ó ń ti inú òkun gòkè padà sínú odò tí a ti bí i. Kì í jẹun lójú ọ̀nà. Ẹran ara rẹ̀ ni ó ń ná. Nígbà tí ó bá dé, yóò yé ẹyin rẹ̀, yóò sì kú lẹ́bàá ibẹ̀.

Ta ni yóò fẹ́ ná owó rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò ní ìrètí pé òun yóò tún dé ọjà náà ni. Ẹja tí ó ti la ọ̀nà gígùn bẹ́ẹ̀ kọjá, díẹ̀ ni ìrètí rẹ̀ pé yóò tún padà sí òkun kí ó sì tún gòkè wá lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí ó bá fi pamọ́ sí ara yóò ṣòfò. Nítorí náà ó ná gbogbo rẹ̀ lórí ẹyin. Ṣùgbọ́n igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti múlẹ̀, tí ìjì àti ẹ̀ẹ̀rùn kò lè tètè pa, yóò jèrè bí ó bá ń fi díẹ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Irú rẹ̀ ni ọ̀pẹ.

Àní ọ̀pẹ pàápàá mọ ìgbà tí àpò rẹ̀ gbẹ. Òdòdó akọ àti òdòdó abo ni ó ń yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, abo nìkan ni ó sì ń di ẹyìn. Abo ni ó ń gba oúnjẹ púpọ̀ lára igi. Nígbà tí ọ̀dá bá mú, tàbí nígbà tí a bá gé imọ̀ rẹ̀ ní àgéjù, akọ ni ọ̀pẹ máa ń yọ jù, ẹyìn yóò sì wọ́n. Kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ ń rí i, nítorí pé òdòdó náà ti wà nínú igi fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó yọ síta. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gé imọ̀ ní àgéjù lọ́dún yìí fi ń bi ara rẹ̀ léèrè ní ọdún kejì tàbí ẹ̀kẹta pé ta ni ó ṣe òun.

ỌMỌ PÚPỌ̀ TÍ Ó KÉRÉ, TÀBÍ ỌMỌ DÍẸ̀ TÍ Ó TÓBI

Àwọn tí ń sin ìgbín ní àpẹẹrẹ tí ó dára nínú ọgbà wọn. Oríṣi ìgbín ńlá méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ wa. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata kì í yé ju ẹyin 4 títí dé 18 lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹyin náà tóbi, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 17. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní Achatina achatina, lè yé láti 30 títí dé 300 lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n gígùn ẹyin tirẹ̀ kò ju mílímítà 8 tàbí 9 lọ. Ẹni tí ó bá fi ojú kan wò ó yóò sọ pé ẹlẹ́yin púpọ̀ ni ó lérè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jáde láti inú ẹyin ńlá ti ní ìkarahun tí ó le díẹ̀, ó sì ní oúnjẹ nínú tí yóò gbé e ró ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ wẹ́wẹ́ a máa tètè kú bí ilẹ̀ bá gbẹ tàbí bí èèrà bá bá a. Ọ̀kan fi owó rẹ̀ ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù kékeré, èkejì fi iye kan náà ra díẹ̀ tí ó lágbára.

Ẹ wo òkété àti òyà pẹ̀lú. Oyún òkété kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Ọmọ rẹ̀ a sì bọ́ sáyé ní ìhòòhò, láì ní irun, ojú rẹ̀ ní dídì. Oyún òyà a máa tó oṣù márùn-ún. Ọmọ rẹ̀ a máa bọ́ sáyé pẹ̀lú irun lára, ojú rẹ̀ ní lílà, kò sì ní pẹ́ kí ó tó lè sáré. Ibùgbé wọn ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Òkété ní ihò jíjìn tí ó lè fi ọmọ tí kò mọ nǹkan kan pamọ́ sí. Inú koríko gíga ni òyà ń gbé, níbi tí ọmọ tí kò lè sá yóò ti di oúnjẹ ejò tàbí ti àwòdì. Nítorí náà ìyá rẹ̀ gbé e sínú pẹ́, ó sì san owó náà ṣáájú. Síbẹ̀, bí òyà tilẹ̀ ń ru oyún pẹ́ tó báyìí, ó lè bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ọmọ bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.

BÍBÍ NÍ KÙTÙKÙTÙ ÀTI BÍBÍ NÍ ÌGBẸ̀YÌN

Ohun tí ó ń pa ẹ̀dá ni ó ń kọ́ ìran rẹ̀ ní ìgbà tí yóò bímọ. A rí ẹ̀rí èyí nínú àwọn odò erékùṣù Trinidad. Ẹja wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní guppy, tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tí ó ń bí ọmọ ní ààyè. Ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí àwọn ẹja ńlá ti ń pa á jẹ, a máa tètè bàlágà, a sì máa bí ọmọ púpọ̀ tí ó kéré. Ní òkè odò, níbi tí omi ń já láti orí àpáta tí kò jẹ́ kí àwọn ẹja ńlá lè gòkè, a máa pẹ́ kí ó tó bímọ, ọmọ rẹ̀ kì í sì í pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tóbi. Ní 1976, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ John Endler kó díẹ̀ nínú àwọn ti ìsàlẹ̀ lọ sí ẹ̀ka odò Aripo kan tí ewu ẹja ńlá yìí kò sí. Ní 1990, David Reznick, pẹ̀lú Endler fúnra rẹ̀ àti ẹnìkan mìíràn, tẹ ìròyìn ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ jáde: láàrin ọdún 11, ìran àwọn tí a kó lọ náà ti yí padà, wọ́n ti ń pẹ́ kí wọ́n tó bímọ, ọmọ wọn sì ti di díẹ̀ tí ó tóbi. Ibi tí ikú ti ń yára, bíbí a máa yára. Ibi tí àgbà ti lè gbó, bíbí a máa farabalẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo erin. Kò sí ẹranko igbó tí ó lè pa àgbà erin, bí kò ṣe ènìyàn tí ó ní ìbọn. Nítorí náà erin farabalẹ̀ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko lọ. Oyún rẹ̀ a máa tó oṣù 22. Abo erin inú igbó kìjikìji lè lé ní ẹni ọdún 20 kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa bí ẹyọ kan láàrin ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ó bá bí àkọ́bí ní ẹni ọdún 23, tí ó sì ń bí ní ọdún márùn-ún márùn-ún, nígbà tí yóò fi di ẹni ọdún 43, ọmọ 5 péré ni yóò ti bí. Òyà tí ó bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti bí ju bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ọdún kan.

Ọdẹ kan lè pa òyà nínú oko rẹ̀ lọ́dọọdún, òyà kò sì ní tán. Bí ó bá pa abo erin kan, ó ti pa ohun tí yóò gba ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti rọ́pò. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lára àwọn igbó wa tí erin kún tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ni ó kù sí, bí irú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àwọn onímọ̀ sì fi kéde ní 2021 pé erin igbó wà ní bèbè ìparun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igún, tí ń ṣe ìmọ́tótó ìlú fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó fi májèlé sínú òkú ẹran lè pa ogún igún ní ọjọ́ kan. Ẹyin ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè tètè dí àlàfo náà. Láti 2015 ni a ti kà igún sí ara àwọn ẹyẹ tí ewu àtiparun bá jù lọ. Kí a má ṣe wí pé ẹ̀dá kan lágbára nítorí pé ó tóbi tàbí nítorí pé ó pẹ́ láyé. Ẹni tí ó pẹ́ láyé ni ó ń pẹ́ kí ó tó ní arọ́pò.

ỌDÚN YÌÍ TÀBÍ ỌDÚN TÍ Ń BỌ̀

Àwọn tí ó ní igi máńgòrò mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún tí ẹ̀ka fẹ́rẹ̀ẹ́ ya nítorí èso, ọdún tí kò sí nǹkan ni ó máa ń tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn a máa wí pé igi náà bínú, tàbí pé ẹnìkan fi ojú burúkú wò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èso púpọ̀ ti gba oúnjẹ tí igi ìbá fi yọ ẹ̀ka tuntun, lórí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ọdún tí ń bọ̀ ìbá sì ti yọ. Igi náà jẹ gbèsè, ó sì ń san án.

Adìẹ náà ń jẹ irú gbèsè yìí. Adìẹ ìbílẹ̀ yóò yé ẹyin bíi mẹ́wàá, yóò sàba lé wọn fún ọjọ́ 21, yóò sì rù nígbà ìsàba, nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n adìẹ òyìnbó tí a fi ṣe kìkì ẹyin, tí ìfẹ́ ìsàba ti kúrò lára rẹ̀, lè yé ẹyin bíi 300 lọ́dún. Níbo ni ó ti ń rí èèpo tí ó ń fi bò wọ́n? Èèpo ẹyin kan ní tó gíráàmù 2 èròjà kálísíọ̀mù, èyí tí ó wà nínú ẹfun àti egungun. Bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó o, adìẹ náà yóò yọ ọ́ láti inú egungun ara rẹ̀. Ẹni tí ó ni í yóò máa kó ẹyin, yóò máa dúpẹ́. Ní ọjọ́ kan yóò bá adìẹ náà ní ìdùbúlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, yóò sì wí pé àrùn ni ó wọlé.

Ẹyẹ inú ìgbẹ́ kì í ṣe irú ìnákúnàá yìí. Ní 1947, David Lack ti Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé iye ẹyin tí ẹyẹ kan ń yé kì í ṣe èyí tí ó pọ̀ jù tí ara rẹ̀ lè yé, bí kò ṣe iye tí ọmọ tí yóò yè láti inú rẹ̀ yóò fi pọ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1964, Christopher Perrins tẹ ìròyìn jáde lórí ẹyẹ kan tí ó jọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, tí ń yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n fi ọmọ kún inú ìtẹ́ kan títí ó fi di mẹ́rin. Àwọn òbí gbìyànjú, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá kò kárí. Àwọn ọmọ tí ó yè nínú ìtẹ́ ọlọ́mọ mẹ́rin kò tó àwọn tí ó yè nínú ìtẹ́ ọlọ́mọ mẹ́ta. Ìkejì òtítọ́ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nìyí: ọmọ bíbí kò ju ọmọ yíyè lọ.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ LÈ ṢE

Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í bá òfin yìí jà. Ó ń lò ó.

1. Má ṣe gé imọ̀ ọ̀pẹ ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí tí ó gbẹ àti èyí tí ó dí ọ lọ́wọ́ láti kọ ẹyìn ni kí o gé. Imọ̀ tútù ni ọwọ́ tí ọ̀pẹ fi ń wá oúnjẹ.

2. Nínú àwọn ọmọ tí ó yí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká, fi ọ̀kan tàbí méjì tí ó lágbára sílẹ̀, kí o sì wu ìyókù lọ gbìn sí ibòmíràn. Bí ọmọ bá pọ̀ jù ní ìdí kan, èso ìyá yóò kéré.

3. Ká tẹ̀tẹ̀ àti ewédú rẹ ní ọ̀rún kí wọ́n tó tanná. Nígbà tí ewébẹ̀ bá ti yí ojú sí irúgbìn, ewé rẹ̀ yóò kéré, yóò sì le. Ṣùgbọ́n fi àwọn tí ó dára jù lọ sílẹ̀ láì ká wọn, kí wọ́n lè gbó fún irúgbìn.

4. Bí ọsàn tàbí máńgòrò tí o gbìn bá tanná nígbà tí kò ì tíì ga tó ènìyàn, já òdòdó náà dànù. Ohun tí o pàdánù lónìí yóò di ẹ̀ka àti gbòǹgbò.

5. Má ṣe jẹ́ kí òbúkọ gun abo ewúrẹ́ tí kò ì tíì dàgbà tán. Oyún oṣù márùn-ún yóò gba oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ ìbá fi dàgbà. Yóò di ràrá títí ayé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò sì kéré. Èyí tí ó bí ìbejì tàbí ìbẹta ni kí o fún ní èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ju àwọn yòókù lọ.

6. Fọ ìkarahun ìgbín, sá a gbẹ, gún un wẹ́wẹ́, kí o sì gbé e kalẹ̀ níwájú adìẹ tí ń yé. Ohun tí a ń jù sí àkìtàn ni egungun adìẹ ń wá.

Ọ̀RỌ̀ FÚN BABA ÀTI ÌYÁ

A kò fi ènìyàn wé ẹranko. Ènìyàn ní ìmọ̀, ó lè ro ọ̀la, ó sì ní aládùúgbò àti ìbátan tí ń bá a tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ara tí ó wọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin àpò kan ṣoṣo. Obìnrin tí ń fún ọmọ lọ́mú ń fi egungun rẹ̀ ṣe omi ọmú, gẹ́gẹ́ bí adìẹ ti ń fi tirẹ̀ ṣe èèpo ẹyin: ní oṣù mélòó kan, ìdá 3 sí 5 nínú 100 lè lọ nínú okun egungun rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni pé lẹ́yìn tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, egungun náà a máa padà bọ̀ sípò. Ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ nígbà ìbímọ náà a máa padà. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àkókò, ó sì ń fẹ́ oúnjẹ.

Bí oyún mìíràn bá dé kí gbèsè náà tó tán, ẹni mẹ́ta ni yóò san án. Ìyá yóò san án nínú ẹ̀jẹ̀ àti okun rẹ̀. Ọmọ inú yóò san án, nítorí pé àwọn tí a lóyún wọn kí oṣù 18 tó pé lẹ́yìn ìbí ti ìṣáájú ni ewu bíbí láìpé oṣù àti bíbí ní kékeré pọ̀ fún jù. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá náà yóò san án, nítorí pé a ó já a lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ lásán bọ́ ọ.

Ẹni kẹta yìí ni dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, rí ní Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí ara wọn ń bó, tí wọn kò fẹ́ ṣeré. Ní 1933 ó kọ ìwé nípa àrùn náà, ní 1935 ó sì pè é ní orúkọ tí àwọn ìyá tí ń sọ èdè Gã ń pè é: kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ìyá wọ̀nyí ti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti fi sínú orúkọ, kí dókítà tó fi sínú ìwé.

Àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, obìnrin tí ó bímọ a máa fún un lọ́mú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a sì máa yàgò fún ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ti fi àṣà yìí sílẹ̀, wọn kò sì fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 2005, àwọn amòye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pè jọ dábàá pé lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ ààyè, kí ó tó oṣù 24 ó kéré tán kí a tó tún wá oyún. Ẹ rí i pé ìmọ̀ tuntun àti ọgbọ́n àtijọ́ pàdé ní ojú ọ̀nà kan náà.

Nítorí náà, kí baba má ṣe fi ọ̀ràn yìí lé ìyá nìkan lọ́wọ́. Kí tọkọtaya lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n béèrè ọ̀nà ìfètò-sí-ọmọ-bíbí tí ó bá ara ìyá mu. Kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà kí a fi oúnjẹ mìíràn kún un, kí ọmú sì máa bá a lọ títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ wà nínú oúnjẹ ọmọ, kì í ṣe ẹ̀kọ nìkan. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tí irun rẹ̀ sì pọ́n, ẹ má ṣe wá àjẹ́ tí ó ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kí a sì fún ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹran àti ẹja inú ọbẹ̀ ṣáájú baba, nítorí pé ẹni méjì ni ó ń jẹun ní ẹnu rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan kò ní gbin ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láì fi í sílẹ̀ kí ó di ìgbòrò, kí ó wá máa bínú pé iṣu rẹ̀ kéré. Ohun tí a mọ̀ nípa ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n nípa igi, nípa ẹran ọ̀sìn, àti jù gbogbo rẹ̀ lọ, nípa ìyá ọmọ tí ó wà nínú ilé wa.